Inú Ìkòkò Kan Náà Ni Wọ́n Ti Ń Jẹun

Ìyá tó bí mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá gbé òkú kọjá lójú ọ̀nà, tí gbogbo èèyàn ń ṣí fìlà, èmi Khuê á máa béèrè ohun tí olóògbé jẹ kẹ́yìn. Ó fi ń bú mi ni, ṣùgbọ́n mi ò rí èébú níbẹ̀. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe olórí ilé ìdáná ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ kan nílùú Huế. Iṣẹ́ mi ni kí n bọ́ ọgọ́fà èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbà mí sí ni kí n máa yẹ àwo wọn wò bí wọ́n bá dá a padà: ta ló jẹ ẹja tó fi ìrẹsì sílẹ̀, ta ló to ẹ̀wà rẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo bí ìlẹ̀kẹ̀, ta ni kò tiẹ̀ fọwọ́ kan síbí. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń ní, "Khuê ò ríwé kà, àwo àìfọ̀ ló ń kà." Kí wọ́n máa wí.

Lọ́dún kan, ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ń gbára dì, wọ́n mú Sư cô Tịnh Nhơn wá bá wa. Sư cô là ń pe àwọn obìnrin tó fá irun orí wọn, tí wọ́n fi ayé sílẹ̀, tí wọ́n ń gbé inú tẹ́ḿpìlì láti sin Búdà. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ ti ṣì. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti fi ẹran, ẹja àti ẹyin kan ẹnu kẹ́yìn. Àwọn ará tẹ́ḿpìlì ní láti bí oṣù mẹ́fà ló ti ń gbàgbé àdúrà tó ti ń kà láti ìgbà ọmọge. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ Sư bà.

Sư bà ni ìyá àgbà tó jẹ́ olórí wọn, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un wá. Ó dì í lọ́wọ́ mú láti ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó dì mú ń pariwo sí wa pé, "Ẹ má gba obìnrin yìí gbọ́ o! Kì í ṣe Sư bà. Ojú Sư bà ló jí wọ̀. Ẹ bi í níbi tó gbé òkú rẹ̀ sí!"

Sư bà kàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pa á lẹ́yìn. "Wọ́n ti gbọ́, ọmọ mi. Wọ́n á bi mí."

Dókítà Bửu, àgbà dókítà wa, kọ oògùn fún un. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n yẹ ẹ́ wò, kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan fún wọn. Ṣùgbọ́n Sư cô kò gbé oògùn mì, kò sì jẹun. Ọjọ́ kejì, àwo rẹ̀ padà sọ́dọ̀ mi bó ṣe lọ. Mo bọ́ ápúrọ́ọ̀nù mi sílẹ̀, mo gbé àwo míì, mo lọ bá a.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?" ó bi mí.

"Olú ni, Sư cô. Olú àti wàrà sóyà. Mi ò fi omi ẹja sí i."

"Ta ló sè é?"

"Èmi ni."

"Ta ló ń wò ọ́ nígbà tó ò ń sè é?"

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. "Kò sẹ́ni tó ń wò mí."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" ó ní. "Ṣó o ti rí i fúnra ẹ báyìí?"

Mo padà sí ilé ìdáná, mo ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń ronú. Kò purọ́ mọ́ mi. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ọwọ́ alásè, ohun tí ọwọ́ alásè kò tíì kàn ló yẹ kéèyàn gbé fún un. Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lára ìdì rẹ̀ ni mo gbé lọ, àti ẹ̀pà tí mo sè tòun tèèpo, àti kókò tí mo bọ̀ láìbó. Mo gbé e sílẹ̀, mo jókòó sórí àga kejì, mo ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tí kò bá tirẹ̀ wá. Ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó jẹ ẹ́. Kí n tó dìde, ó ti jẹ mẹ́fà.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́, mo ń gbé ohun eléèpo lọ, mo ń jókòó. Ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní ilẹ̀ ilé ìwòsàn wa kò le, pé òwú lòun ń tẹ̀. Mo wolẹ̀, símẹ́ńtì ni. Ó ní èèrà ń rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Mo wò ó, kò sí èèrà. Mo rò pé ara wèrè náà ni.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo mú thanh trà kan lọ, ọsàn ńlá eléèpo nípọn tá a máa ń rí lásìkò yẹn. Mo fún un ní ọ̀bẹ onírọ́bà kó fọwọ́ ara rẹ̀ gé e. Ó ju ẹyọ kan sẹ́nu, ó pariwo, ó tu ú dànù.

"O ti fi ata sí i!"

"Sư cô, inú èèpo ló wà! Báwo ni mo ṣe fẹ́ fata sí inú ọsàn tí mi ò là?"

Ó tẹjú mọ́ ọsàn náà. Ọ̀rọ̀ náà yé e, ó sì dà á láàmú. "Ó ń jó mi," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ọmọdé, ó sì yọ ahọ́n rẹ̀ síta kí n wò ó.

Alásè ni mí, mo ti ha ahọ́n màlúù tí kò lóǹkà nílé ìdáná. Ahọ́n kì í jọ̀lọ̀. Ti màlúù o, ti èèyàn o, ó máa ń rí kórókóró bí aṣọ ìnura. Ti Sư cô yìí pupa fòò, ó sì jọ̀lọ̀ bí inú ìkarahun. Kò sí kóró kan níbẹ̀.

Mo sáré wá Dókítà Bửu lọ. Ó ń mu tíì.

"Khuê, kí làwo wí lónìí?"

"Kì í ṣe àwo, Dókítà. Ahọ́n ni."

"Ahọ́n ta ni? Ṣé ti ẹni tó ní wọ́n jí ojú gbé? Ǹjẹ́ ìwọ náà ò ti máa kó o báyìí?"

"Ẹ dìde, ẹ wá wò ó. Bí mo bá purọ́, ẹ máa bú mi bọ̀."

Ó dìde, ó ń ráhùn bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu Sư cô, ìráhùn náà dá. Mo sọ ti òwú àti èèrà fún un. Ó mú irin kan jáde tó máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá gbá a, ó fi kan ọrùn ẹsẹ̀ Sư cô, ó ní, "Ṣé ẹ ń mọ̀ ọ́n lára, bó ṣe ń gbọ̀n?" Sư cô ní òun ò mọ nǹkan kan lára. Dókítà fi kan ìgúnpá rẹ̀. "Ibí yìí ńkọ́?" Ó ní, "Ó ń gbọ̀n níbẹ̀."

A jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dókítà ń họ orí.

"Fítámìnì kan wà," ó ní, "B12 ni wọ́n ń pè é. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà màlúù la ti ń rí i. Bí kò bá sí lára, ahọ́n á jọ̀lọ̀, iṣan á kú tipiri, orí á sì máa ṣe ségesège. Ẹ̀fọ́ tútù púpọ̀ sì lè mú kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán dà bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ó jọ ọ́, àbí kò jọ ọ́?"

"Ó jọ ọ́!"

"Rọra. Àwọn mẹ́rìnlá ló wà ní tẹ́ḿpìlì yẹn. Inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Ìyá àgbà yẹn ti jẹ ẹ̀fọ́ fún ọgọ́ta ọdún, orí rẹ̀ sì pé ju tèmi lọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo?"

Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún. "Ṣé kí n lọ wò ó?"

"Kí lo fẹ́ lọ wò?"

"Ìkòkò náà."

Ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i láṣọ. "Màá kọ̀wé pé kí wọ́n wo B12 rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú míì ni wọ́n ti ń ṣe é, ó máa tó ọ̀sẹ̀ kan. Máa lọ. Bóyá ìkòkò á tètè dáhùn jù wọ́n lọ."

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ ìsinmi mi. Mo gun alùpùpù mi lọ sí orí òkè níbi tí tẹ́ḿpìlì náà wà láàárín igi ahóyaya. Sư cô Huệ Mẫn tó ń dáná fún wọn ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, obìnrin sísanra kan tó gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n rán wá láti wá wo ohun tí mo fi ya ọmọ wọn ní wèrè?"

"Rárá o, Sư cô. Ebi ló ń pa mí."

Ó rẹ́rìn-ín tipátipá, ó bù fún mi. Ìrẹsì, èso ńlá tá à ń pè ní mít, èyí tí kò tíì pọ́n tí wọ́n sè bí ẹran, wàrà sóyà, omi ẹ̀fọ́, àti yánmọ̀tí gígún pẹ̀lú iyọ̀. Kí n má parọ́, ó dùn ju tèmi lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó sì bù kún un. Mo bi í nípa iyọ̀, òróró, omi tí wọ́n ń mu, ibi tí wọ́n ti ń ra sóyà. Gbogbo wọn ń jẹ ohun kan náà. Kò sí àsè ọ̀tọ̀.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, mo kúnlẹ̀ níwájú Sư bà, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo fẹ́ rí ahọ́n gbogbo yín."

Mo rò pé wọ́n máa lé mi jáde. Ni Sư bà bá gbé ojú sókè, ó ní, "Èyí tí mo fi ń ka ìwé mímọ́ láti ọgọ́ta ọdún nìyí. Bóyá ó tiẹ̀ wúlò fún nǹkan míì," ó sì na ahọ́n rẹ̀ jáde gbọọrọ. Àwọn ọ̀dọ́ àárín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọn ò lè mú un mọ́ra. Mo lọ láti orí ẹnìkan dé orí ìkejì: ahọ́n mẹ́tàlá, gbogbo rẹ̀ rí kórókóró. Kò sí ọ̀kan tó jọ̀lọ̀.

Mo jáde síta, ojú ti ń tì mí. Kí ni kí n sọ fún Dókítà? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìdáná, wọ́n to agolo sílẹ̀ lọ gbọọrọ, wọ́n gbin ewé ọbẹ̀ sínú wọn. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Agolo mílíìkì ni gbogbo wọn, wàrà màlúù tí Dókítà dárúkọ.

"Sư cô Huệ Mẫn! Ta ló ń mu mílíìkì níbí?"

"Gbogbo wa. À ń pò ó mọ́ tíì láàárọ̀. Ṣé mílíìkì náà ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Sư cô Tịnh Nhơn náà ńkọ́?"

"Òun ò mu ún. Ó máa ń bì í. Látìgbà tí wọ́n ti gé ikùn rẹ̀."

Mo yí padà. "Wọ́n gé kí ni?"

"Ikùn. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá. Ọgbẹ́ inú ló ń dà á láàmú tó fi ń pọ ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n bá gé ìlàjì àpòlúkù rẹ̀ dànù. Látìgbà náà, bí ẹyẹ ló ṣe ń jẹun."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún dókítà?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo béèrè ọ̀rọ̀ òpònú lọ́wọ́ rẹ̀. "Orí ni dókítà béèrè. Kò béèrè ikùn."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dúró de Dókítà Bửu lẹ́nu géètì. Bí mo ṣe ní "àpòlúkù" báyìí, ó gbá iwájú orí ara rẹ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bá a ti ń lọ: àpòlúkù ló ń ṣe ohun tí ara fi ń gba fítámìnì yẹn wọlé. Wọ́n ti gé ibi tó ń ṣiṣẹ́ náà dànù, èyí tó kù kò tó nǹkan, oúnjẹ rẹ̀ kò sì gbé e wá. Ohun tó ti wà nípamọ́ lára rẹ̀ ló ń jẹ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí, ó sì ti tán. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó kéré débi pé àwọn tó ṣe é kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì làwọn ṣe é.

Abẹ́rẹ́ ló kù. Ṣùgbọ́n Sư bà wá, ó ní ìbéèrè kan.

"Dókítà, ẹ ní inú ẹran ni nǹkan yìí ń gbé. Ṣé inú ẹran lẹ ti mú ti inú abẹ́rẹ́ yìí?"

"Rárá, Màmá. Kòkòrò tín-ín-tín tí ojú ò lè rí ló ń ṣe é, nínú àgbá ńlá."

Sư bà ronú. "Ṣé wọ́n wá ń pa kòkòrò náà ni?"

Dókítà Bửu gbé abẹ́rẹ́ náà sókè, ó wò ó. "Màmá, mi ò tíì bi wọ́n."

"Ẹ bá mi bi wọ́n bí àyè bá yọ," Sư bà ní. "Ní báyìí, ẹ gún ọmọ mi."

Wọ́n gún un ní ọjọ́ kan, wọ́n fo ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, ó ní, "Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan lẹ̀ ń jẹ nílé yìí ni?" Mo sáré lọ bu ọbẹ̀ olú wá. Ó jẹ ẹ́, kò béèrè ẹni tó ń wò mí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Sư bà wọlé, Sư cô sì tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́.

"Sư bà," ó ní, "ẹ ti rù."

"Ìwọ lo mú mi rù," Sư bà dáhùn, ó sì fa àga jókòó tì í.

Nígbà tí Sư bà lọ tán, Sư cô fà mí láṣọ. "Khuê, ṣé mo bú wọn?"

"Ẹ bú wọn díẹ̀."

"Kí ni mo pè wọ́n?"

"Olè."

"Olè kí ni?"

"Olè ojú."

Ó fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Mo rò pé ó ń sunkún ni, àṣé ẹ̀rín ni, nígbà tó sì yá, ó di ẹkún. Mo jókòó tì í títí ó fi dákẹ́.

Ó padà sílé kí oṣù kọkànlá tó parí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bọ̀ sípò tán. Ọ̀pá ló fi ń rìn títí dòní, ó sì ń wá gba abẹ́rẹ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àdúrà rẹ̀ ti padà sórí rẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún yín. Èmi náà ní ẹnìkan nílé. Bùọ̀dá Tuyển, ẹ̀gbọ́n mi, ti ń gbọ́ ohùn àwọn tí ẹnikẹ́ni ò rí láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìlélógún. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Ó ń lo oògùn, kì í bá èèyàn jà. Láàárọ̀, màá fi ìrẹsì sí ìkòkò fún un kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Bí mo bá dé, màá bá ọ̀rá ìndómì lórí tábìlì, mẹ́ta, mẹ́rin, àti ìgò mínírà. Mo máa ń gbá wọn dànù láìwò wọ́n. Èmi tí mo ń ka àwo gbogbo ayé!

Bí Sư cô ṣe ń yá, ọkàn mi ń lọ sọ́dọ̀ Bùọ̀dá. Mo ń rò ó pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ṣé ó lè jẹ́ pé ohun kékeré kan ni ara rẹ̀ ń wá, tí ẹnikẹ́ni ò béèrè? Mo mú Bùọ̀dá lọ bá Dókítà Bửu. Mo ní kí ó wo gbogbo ohun tó bá lórúkọ nínú ẹ̀jẹ̀.

Dókítà pè mí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kò ṣeré ìgbà yẹn.

"Fítámìnì rẹ̀ pé, Khuê. Ó dáa ju tèmi lọ."

"Ẹ tún un ṣe."

"Mo ti tún un ṣe." Ó fa àga fún mi. "Àìsàn Tuyển kì í ṣe irú ti Sư cô. Oúnjẹ kọ́ ló fà á, oúnjẹ ò sì ní lé e lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé kó da oògùn nù kó máa jẹ ewé, sá fún onítọ̀hún."

Mo fẹ́ dìde. Mi ò fẹ́ sunkún níwájú rẹ̀.

"Jókòó, mi ò tíì parí. Ṣúgà rẹ̀ ti ń gòkè. Oògùn tó ń pa ohùn náà lẹ́nu mọ́ ló ń ṣí ikùn rẹ̀ sílẹ̀. Ebi tó ń pa á kì í ṣe ojúkòkòrò, òtítọ́ ni. Ohùn kọ́ ló máa pa ẹ̀gbọ́n rẹ, Khuê. Ìtọ̀ ṣúgà ni, tàbí ọkàn. Kí ló ń jẹ?"

Mo mọ ohun tí mò ń sè sílẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo tọrọ àyè, mo tètè délé. Bùọ̀dá Tuyển wà lórí àga, ó ń ṣí ọ̀rá ìndómì kejì.

"Bùọ̀dá, ìrẹsì wà nínú ìkòkò. Kí ló dé tẹ́ ò jẹ ẹ́?"

"Ó ti tutù."

"Ẹ ò lè gbé e kaná ni?"

Ó wò mí, ó wo ìndómì. "Ìndómì máa ń yára. Ebi tèmi kì í dúró. Bó bá dé, á dà bíi pé ènìyàn ń fi èékánná ha inú mi." Ó tú ìndómì náà sínú àwo. "Ìrẹsì yẹn, èèyàn á dá jókòó tì í. Ìwọ kì í jẹun níbí."

Òótọ́ ló sọ. Ilé ìwòsàn ni mo ti máa ń jẹun. Mi ò rántí ìgbà tí èmi àtẹ̀gbọ́n mi jọ fi ọwọ́ kan àwo kẹ́yìn.

"Kí lẹ máa ń fẹ́ jẹ, Bùọ̀dá?"

Ó gbé ojú sókè bí ẹni tí wọ́n béèrè ọ̀nà ìlú tó ti gbàgbé lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọbẹ̀ ẹja kíkan. Èyí tí Màmá máa ń fi ọ̀pẹ òyìnbó sè."

Mo sè é. Ní báyìí, mò ń jẹ oúnjẹ alẹ́ nílé. Mò ń bọ ẹyin, ẹ̀pà àti kókò sílẹ̀ fún un kí n tó jáde, kí ebi tí kì í dúró lè rí nǹkan gidi bá pàdé. Mínírà ti di ìgò kan lọ́sẹ̀. Ìjà ńlá ló gbà wá. Ó ń bá mi lọ sọ́jà láàárọ̀ Sátidé láti yan ẹja, nítorí ó ní mi ò mọ ẹja yàn. Ṣúgà rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, kò tíì tó bí Dókítà ṣe fẹ́. Ohùn náà ò lọ. Ó ń lo oògùn rẹ̀.

Nílé ìwòsàn, ìwé tí wọ́n ń kọ fún aláìsàn tuntun ti ní ojú ìwé kan sí i, èmi ni wọ́n ń gbé e fún. Mo máa ń béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ, ohun tí wọn kì í jẹ, ta ló ń bá wọn jẹ ẹ́, àti bóyá wọ́n ti gé nǹkan kan lára wọn rí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdáhùn kì í ṣí ilẹ̀kùn kankan. Mò ń béèrè síbẹ̀.

Lánàá, Bùọ̀dá Tuyển tọ́ ọbẹ̀ wò, ó gbé síbí sílẹ̀, ó gbé etí sókè.

"Wọ́n ní kò níyọ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin àbí àwọn?"

Ó rò ó dáadáa. "Àwa méjèèjì," ó ní, ó sì na ọwọ́ sí ìgò omi ẹja tá à ń lò bí iyọ̀.